Ẹja Tó Ń Tan Ìmọ́lẹ̀ àti Ilẹ̀ Wa Lẹ́bàá Ọ̀sà

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àdùkẹ́,

Orúnkún mi sàn díẹ̀, omi ẹ̀rọ ti padà dé, aládùúgbò wa sì ti mú àkùkọ rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí n sùn kúrò. Mo kọ gbogbo ìyẹn síwájú kí o má baà rò pé àìsàn ló mú kí n kọ lẹ́tà gígùn sí ọ, nígbà tó jẹ́ pé àdúgbò Abraham Adésànyà lọ́nà Ajah níbí ni mo wà, tí ìwọ náà kò kọjá Ṣàngótẹ̀dó. Lórí fóònù, o máa ń tètè dá mi lóhùn jù. Mo fẹ́ kí o jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi tán lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ Àìkú tí o wá, lẹ́yìn tí a jẹun tán, o bi mí ní ìbéèrè méjì. O ní ṣé mo rí ohun tó burú nínú títa ẹja tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà kí ó lè máa tan ìmọ́lẹ̀ nínú àpótí gíláàsì. O tún ní ṣé mo máa fún ọ ní ilẹ̀ bàbá mi lẹ́yìn Ṣàngótẹ̀dó, èyí tó wà lẹ́bàá ọ̀sà, kí ìwọ àti Káyọ̀dé tí ẹ jọ fẹ́ da òwò pọ̀ gbẹ́ pọ́ńdì síbẹ̀, kí ẹ máa sin àwọn ẹja náà fúnra yín dípò kí ẹ máa kó wọn wọlé láti òkè òkun. Mo kó abọ́, mo lọ fọ̀ ọ́. O rò pé inú ń bí mi. Inú ò bí mi rárá. Mi ò ní ìdáhùn ni, mi ò sì fẹ́ fi ẹnu ìyá dá ọ lóhùn kí n tó fi orí ara mi rò ó.

Kí n kọ́kọ́ padà sẹ́yìn, torí ibẹ̀ ni ọkàn mi ń lọ láti ìgbà tí o ti bi mí.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí títì márosẹ̀, èèyàn lè jókòó sí Ajah kí ó máa gbọ́ ìró mọ́tò kan ṣoṣo tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kí ó sì ti mọ ẹni tó ni ín kí ó tó yọ. Àbàtà wà lápá ọ̀tún, àbàtà wà lápá òsì, igi àgbọn dúró láàárín wọn. Tíṣà kékeré ni mí nígbà náà. Bàbá yín tẹ̀lé àwọn bíríkìlà láti Ìkìrun wá. Àwọn yẹn ń to búlọ́ọ̀kù, bàbá yín ní tiwọn ń gé gíláàsì sí fèrèsé. Gbogbo ẹni tó ń kọ́lé nígbà yẹn ló fẹ́ fèrèsé lúfà. Bí wọ́n bá gé gíláàsì tán, èyí tó bá ṣẹ́ kù, tó yẹ kí wọ́n jù sórí ààtàn, wọ́n á fi àpò sìmẹ́ńtì wé e, wọ́n á gbé e wálé. Ìyẹn ni wọ́n fi ṣe àpótí ẹja àkọ́kọ́ tó wọ yàrá kan ṣoṣo tí a háyà.

Sílíkónì ni wọ́n fi lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀. Òórùn rẹ̀ kan bíi ti fínígà, ó gba gbogbo yàrá. Mo fẹ́ bu omi sí i lọ́jọ́ náà gan-an. Bàbá yín di ọwọ́ mi mú.

"Ìyáàfin Tíṣà, ẹ ṣe sùúrù. Bí ẹ bá ṣì ń gbọ́ òórùn ẹ̀ báyìí, ẹja náà máa gbọ́ ọ nínú omi."

"Ẹja wo? A ò tíì ní ẹja kankan."

"Èyí tó ń bọ̀ ni mo ń bá a ro."

A dúró títí òórùn yẹn fi lọ. Àwọn ará ilé rò pé orí wa ti dà rú, tọkọtaya tó gbé àpótí òfìfo sí àárín ilé, tí wọ́n ń tẹ imú bọ̀ ọ́ láràárọ̀.

Ní ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó ń ta ẹja tí wọ́n máa ń wò lásán, tí wọn kì í jẹ, ní gbogbo ọ̀nà Ajah. Inú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì ni ẹja tiwa ti wá. O rántí, àbí o ò rántí? Nígbà tí o dàgbà tó, ìwọ àti bàbá rẹ máa ń gbé asẹ́ ògì mi lọ láìtọrọ lọ́wọ́ mi. Ẹja tí ẹ máa ń gbé bọ̀ kò gùn ju ìka rẹ lọ. Ara rẹ̀ dà bí aró tí oòrùn ń tàn sí, àmì pupa wẹ́wẹ́ kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, etí ìrù rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí kòtò gbẹ, a ò ní rí wọn mọ́. Bí òjò bá tún rọ̀, wọ́n á tún wà níbẹ̀, bí ẹni pé wọn ò lọ síbì kan.

Lọ́jọ́ kan, o dojú kọ àpótí náà, o ní, "Bàbá, ta ló kun ẹja yìí?"

"Kò sẹ́ni tó kùn ún. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn."

"Ó dùn mọ́ ọn bẹ́ẹ̀?"

Ìbéèrè tí o bi wọ́n yẹn, Mojí, mo ti ka ìwé púpọ̀ láti ọjọ́ náà wá, mi ò tíì rí ẹni tó dá a lóhùn.

Àwọn ẹja àkọ́kọ́ yẹn kú. Bàbá yín gbé àpótí náà síbi fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gbà á kọjá dáadáa, torí iṣẹ́ ọwọ́ wọn wù wọ́n wò. Oòrùn ọ̀sán gbóná mọ́ ọn títí omi náà fi lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Wọn ò wí nǹkan kan fún ọ. Wọ́n sin àwọn ẹja náà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì gbé àpótí lọ sí igun tó ṣókùnkùn, níbi tí àlejò kò ti lè rí i kí ó yìn ín. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mú nínú lẹ́tà yìí nìyẹn. Nínú ṣọ́ọ̀bù tuntun tí o ṣí yẹn, mo rí i pé gbogbo iná búlúù tí o fi ń tan àwọn ẹja náà kì í kú láti àárọ̀, kódà lẹ́yìn tí o bá ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀, mo mọ̀. Ṣé ẹja ń sùn? Ìwọ lo kàwé nípa ẹja ní yunifásítì, èmi kọ́. Àmọ́ bí ó bá ń sùn, pa iná fún un.

Ohun kejì. Lẹ́yìn tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ọkùnrin kan ń ta ẹja nínú ọ̀rá lẹ́bàá ibi tí àwọn mọ́tò máa ń yà sí ní Ajah. Ẹja rẹ̀ pọ́n bí kí ni? Má fi mí rẹ́rìn-ín, mi ò mọ bí mo ṣe lè pe àwọ̀ yẹn. Ó jẹ́ pupa tí wọ́n bu funfun sí, bíi súwítì. O sunkún títí bàbá rẹ fi ra méjì. Kò pẹ́, àwọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bàbá rẹ padà lọ bá ọkùnrin náà, ó sì jẹ́wọ́ fún wọn pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fa àwọ̀ sí wọn lára, lọ́kọ̀ọ̀kan, àti pé ọ̀pọ̀ ló ń kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ òun. Bàbá rẹ bínú wálé, wọ́n ní àwọn máa kó wọn dànù. Ìwọ lo dúró síwájú àpótí.

"Ẹja mi náà ṣì ni."

"Àwọ̀ ẹ̀ ti lọ, Mojí."

"Àwọ̀ ẹ̀ ló lọ. Òun ò lọ."

O bọ́ ẹja méjèèjì yẹn títí wọ́n fi kú fúnra wọn, funfun bí òkúta wẹ́rẹ́. Mo sọ èyí fún ọ nítorí pé o ti gbàgbé, tàbí pé o ń ṣe bí ẹni gbàgbé. Nígbà tí mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ lọ́jọ́ tí o ṣí i, mo gbọ́ bí o ṣe ń polówó: "Pupa wà, aláwọ̀ ọsàn wà, aláwọ̀ ewé ń bọ̀." O ò sọ fún ẹnì kankan ohun tí ẹja náà ń jẹ, bí ó ṣe máa ń rìn pọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, pé kò yẹ kó máa dá gbé. Ọmọdé tí ìyá rẹ̀ ra àwọ̀ fún, kí ni ó máa ṣe lọ́jọ́ tí àwọ̀ bá sú u?

Mo fẹ́ to ọ̀rọ̀ mi bí tíṣà, èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta, àmọ́ ibi tí mo dé yìí kò ṣeé tò.

Ó di ọjọ́ kan tí wọ́n gbé páìpù ńlá wá sí àbàtà tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún títì. Ẹ̀rọ ń fa yanrìn láti inú ọ̀sà, páìpù ń pọ̀ ọ́ sórí ilẹ̀, funfun, ó ń tàn yòò, ó ń borí koríko. Bàbá rẹ mú mi lọ wò ó nítorí pé iṣẹ́ ń bọ̀ fún wọn: ilé máa wà lórí yanrìn yẹn, fèrèsé máa wà lára ilé. Inú wa dùn. Ní ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó ronú nípa ẹja kòtò. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ òjò kan, bàbá rẹ gbé asẹ́ jáde, ó pẹ́ kí wọ́n tó dé, wọ́n sì gbé e sílẹ̀ lófìfo. Wọ́n ní, "Mo dé gbogbo ibi tí mo mọ̀." Owó gíláàsì ilé àwọn tó kọ́lé sórí yanrìn yẹn ló rán ọ lọ sí yunifásítì tí o ti kọ́ nípa ẹja. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ọ̀rọ̀ yẹn sí, Àdùkẹ́. Mo kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí mi ò fi gbẹ́kẹ̀ lé inú ara mi nígbà tí o gbé ẹja tìrẹ wá. O ṣàlàyé fún mi pẹ̀lú sùúrù, mo sì lọ kà sí i. Wọ́n mú àbùdá kan lára ẹran omi òkun tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, èyí tó ń tàn nínú òkun, wọ́n fi sínú ẹyin ẹja kékeré kan. Ẹja tó jáde láti inú ẹyin yẹn ń tàn lábẹ́ iná búlúù, ọmọ rẹ̀ á tàn, ọmọ ọmọ rẹ̀ á tàn. Kò sẹ́ni tó tún ń fi abẹ́rẹ́ gún un. O ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ń jẹ adìẹ àgíríìkì. Ṣé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn?" Mo rò ó síwá sẹ́yìn. Ẹja góòlù tí gbogbo ayé ń sìn, èèyàn ló ṣa bàbá ńlá rẹ̀ lẹ́ṣà títí ó fi pọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé yíyí nǹkan ẹlẹ́mìí padà lẹ̀ṣẹ̀, a ti dá a tipẹ́, a sì ti fi jẹun.

Káyọ̀dé náà bá mi sọ ọ́ ní tirẹ̀: "Màmá, ẹja ò mọ̀ pé òun pupa." Mo rẹ́rìn-ín, torí ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ń yára sọ ohun tí ẹja ò mọ̀, máa ṣọ́ ọ díẹ̀. Kì í ṣe pé ènìyàn burúkú ni. Mo kàn rí i pé kò béèrè lẹ́ẹ̀kan ohun tí ẹja mọ̀.

Bóyá àárò ló ń bá mi jà. Bóyá ohun tó ń dùn mí ni pé ẹja kòtò wa tí kò sẹ́ni tó kùn ún wà lábẹ́ yanrìn ilé àwọn èèyàn, tí àwọn èèyàn yẹn kan náà sì ń wá ra ẹja tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe àwọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ mi. Ìyẹn kò sọ ẹja rẹ di ẹlẹ́ṣẹ̀. Bí mo ṣe ń ro ó lọ ni mo ń rò pé màá sọ fún ọ pé kí o máa ṣe é lọ, kí o sì gba ilẹ̀ náà.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ síbi ìkómọ ọmọ-ọmọ Àǹtí Ráfátù, ẹ̀gbọ́n mi.

O ò wá nítorí ṣọ́ọ̀bù, mi ò bá ọ wí. O mọ ohun tí a máa ń ṣe nílé bàbá mi bí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ. Kì í ṣe gbogbo ará etí ọ̀sà ló ń ṣe é, àwa ni a ń ṣe é. A máa ń fi ẹja àrọ̀ méjì sínú abọ́ tánganran tuntun, láàyè. Gbogbo ẹbí á ti ìka bọ omi náà, wọ́n á sọ̀rọ̀ rere sí ọmọ lára. A kì í se ẹja yẹn. Tí oòrùn bá rọ̀, obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé á gbé e dé ọ̀sà, á tú u sílẹ̀, kí ọmọ náà lè ní ẹnì kejì nínú omi. Wọ́n ṣe é fún mi. Wọ́n ṣe é fún ọ.

Mo dé, mo rí abọ́, mo sì rí i tí gbogbo àwọn ọmọdé pagbo yí i ká. Mo yọjú sí i. Ẹja mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, pupa, pupa, aláwọ̀ ọsàn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àrọ̀ dà?"

Àǹtí Ráfátù gbé àyà sókè bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ. "Àrọ̀ ti di ti ayé àtijọ́! Ẹja ọmọ wa Mojí nìyí. Ó fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní mo fẹ́ èyí tó rẹwà fún ọmọ tuntun, ó ní, 'Àǹtí, ẹ mú mẹ́ta.'"

Àbúrò mi Lámídì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú omi dé, tó gbé àwọ̀n rẹ̀ kọ́ ògiri, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò wọ́n. "Bátìrì mélòó ló ń lò?"

"Lámídì, má ba ọjọ́ ọlọ́jọ́ jẹ́."

"Mo kàn ń béèrè ni, Àǹtí. Tí ó bá kú lójijì, ṣé a máa gbé e lọ fún àwọn oníwáyà?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. A ti ìka bọ omi, a gbàdúrà. Mi ò ronú dé ìrọ̀lẹ́. Ó yẹ kí n ti mọ̀, àmọ́ ẹja yẹn kéré, ó rẹwà, ó dà bí ohun ìṣeré. Mo rò pé wọ́n máa gbé e sínú ìgò fún ọmọ ni. Nígbà tí oòrùn rọ̀, mo wà nínú ilé tí mo gbé ọmọ lọ́wọ́. Mo gbọ́ àtẹ́wọ́ láti ọ̀nà etí omi. Mo gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, mo fi orúnkún yìí sáré bí mo ṣe lè sá. Kí n tó débẹ̀, Àǹtí Ráfátù ti ń gbọn omi tó kù nínú abọ́ nù.

"Wọ́n ti lọ?"

"Wọ́n lọ wẹ́rẹ́! O ò rí i ni? Bí iná ṣe ń lọ nísàlẹ̀ omi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹja yẹn kì í ṣe ẹja ọ̀sà wa."

"Ta ló bi ẹja léèrè ìwé ìrìnnà?"

"Wọ́n yí i padà ni. Òyìnbó ló ṣe é. A ò mọ ohun tó máa ṣe níbẹ̀."

"Kí ni ẹja ń ṣe nínú omi? Á lúwẹ̀ẹ́." Wọ́n gbé abọ́ sí abẹ́ apá. "Ẹ̀yin oníwèé, ẹ ò mọ bí a ṣe ń dunnú."

Lámídì kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Tí wọ́n bá bímọ síbẹ̀, ṣé mi ò ní nílò tọ́ọ̀ṣì mọ́ lálẹ́?" Mo ṣàlàyé fún un pé iná búlúù ló ń mú wọn tàn, pé nínú ọ̀sà wọn ò ní ju ẹja pupa lásán lọ. Ó wá ní, "Àǹtí mi, mo ń fi ṣeré ni. Àmọ́ tí ọ̀kan bá wọ àwọ̀n mi ńkọ́? Ìyàwó mi á gbé e dé ọjà Ajah, oníbàárà á rí ẹja pupa kan láàárín ẹja tútù. Wọn ò ní sọ pé èyí nìkan ni. Wọ́n máa sọ pé ẹja àwọn ará ọ̀sà ti ní nǹkan lára. Ta ló máa ra èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mojí, bóyá àwọn ẹja mẹ́ta náà ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi ọ̀sà máa ń dùn lójò, á sì ní iyọ̀ lẹ́ẹ̀rùn. O mọ̀ jù mí lọ bóyá wọ́n lè gbé inú rẹ̀. Bóyá pípọ́n tí wọ́n pọ́n ti jẹ́ kí ẹyẹ rí wọn kíákíá. Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn náà sì ń jẹ́ kí ojú tì mí, pé mò ń gbàdúrà kí ẹja tí wọ́n fi sọ ọmọ lórúkọ kú.

Ṣùgbọ́n wò ó báyìí. Nígbà tí o ń sọ fún mi nípa pọ́ńdì, o ní ẹ máa mọ ògiri yí i ká, ẹ máa fi nẹ́ẹ̀tì bo ojú rẹ̀, ẹ máa gbé e ga ju ibi tí omi ọ̀sà máa ń dé lójò. Mo gbà ọ́ gbọ́. O ti ro ti àgbàrá dáadáa. Àmọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, àgbàrá kankan kò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ. Kò sí olè, kò sí aláìbìkítà. Ìfẹ́ ló gbé ẹja mẹ́ta yẹn jáde. Ìwọ fẹ́ràn àǹtí rẹ, o fún wọn. Àǹtí rẹ fẹ́ràn ọmọ tuntun, wọ́n tú ẹja sómi. Nínú gbogbo ìwé tí mo kà, àwọn tó kọ wọ́n ń bẹ̀rù kí ẹja má sá lọ. Kò sí èyí tó kọ ọ́ pé àwọn kan wà létí ọ̀sà kan tí wọ́n máa fi àdúrà sìn ín lọ.

Àwọn tó ń kọ́lé sí Ṣàngótẹ̀dó náà nírú ìfẹ́ yẹn. Ọmọ wọn á lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó jìnnà, àpótí á sú wọn, wọn ò ní fẹ́ pa ohun ẹlẹ́mìí. Wọ́n á gbé e dé gọ́tà, wọ́n á ní, "Máa lọ, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ." Inú wọn á dùn padà sílé. Gọ́tà yẹn ń lọ sí ọ̀sà.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí, bí o bá fẹ́ máa tà wọ́n. Má fi ìwé pélébé sọ ọ́ fún wọn, wọn ò ní kà á. Fi ẹnu sọ ọ́, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí o tó di ọ̀rá: lọ́jọ́ tí ó bá sú yín, ẹ má tú u sómi, ẹ gbé e padà wá fún mi. Kí o sì gbà á padà tọwọ́tẹsẹ̀, kí o má bá wọn jiyàn. Bí Káyọ̀dé bá ní kò sí èrè nínú gbígba ẹja padà, jẹ́ kó sọ ọ́ lójú rẹ, kí o mọ ẹni tí o fẹ́ bá da òwò pọ̀ kí òwò tó dà yín pọ̀ tán.

Má sì ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn onímọ̀ ti parí ọ̀rọ̀ náà. Wọn ò tíì parí rẹ̀. Bí ẹni kan bá béèrè ohun tí o kò mọ̀, sọ pé o kò mọ̀. Mo fi ọdún púpọ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ìgbà tí mo bá ní "mi ò mọ̀, ẹ jẹ́ ká wò ó" ni wọ́n máa ń sún mọ́ mi jù.

Má pariwo mọ́ Àǹtí Ráfátù. Má fi ìmọ̀ yunifásítì bá wọn sọ̀rọ̀. Gbé àrọ̀ méjì dání, kúnlẹ̀, kí o ní, "Àǹtí, èmi ni mo ṣì í, mi ò sọ fún yín." Wọ́n máa kọ́kọ́ bú ọ. Wọ́n á wá bi ọ́ bóyá o ti jẹun.

Ó ku ìbéèrè rẹ méjèèjì.

O bi mí bóyá ohun tó burú wà nínú ẹja yẹn. Mi ò tíì mọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí n kú kí n tó mọ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń rò pé kò yàtọ̀ sí adìẹ tí a ń jẹ. Ní ọjọ́ mìíràn, mo máa ń rò pé ó yẹ kí èèyàn tó fi ọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìdí kan tó ju pé ó dára ní wíwò lọ. Mi ò ní fi iyèméjì mi dí ọ lọ́wọ́ iṣẹ́ rẹ. Ṣọ́ọ̀bù tìrẹ ni.

O bi mí bóyá mo máa fún ọ ní ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀sà fún pọ́ńdì náà. Rárá, Àdùkẹ́. Mi ò ní fún ọ. Àwọ̀n Lámídì àti ti àwọn tó ń gbé etí omi yẹn wà níbẹ̀ kí o tó dé, a ò sì bi wọ́n léèrè. Bí o bá fẹ́ sin nǹkan mìíràn síbẹ̀, àrọ̀ tàbí ẹ̀pìyà, máa bọ̀ lọ́la, màá fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ ẹja yẹn ni, inú ilé ni kó wà, jìnnà sí omi, mi ò sì ní yí ọ̀rọ̀ mi padà bí o bá gbé Káyọ̀dé wá bẹ̀ mí.

Mo mọ̀ pé o máa bínú. Bínú sí mi fún ìgbà tó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó jókòó ti ìbínú, kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Ráfátù. Ìyàwó ọmọ wọn kejì ti lóyún, oṣù rẹ̀ sì ti ń pé. Àná ni Àǹtí pè mí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹja aláwọ̀ ewé ti dé.

Èmi tí mo fẹ́ràn rẹ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ,
Màmá rẹ.